Ọjọ́ tí Ummu Tọrọ Àforíjì Nítorí Ìdodo

Ojúlé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Adigbẹ, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Màríámù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógójì tí mo ti sìn ọ́ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Láfẹ́nwá, tí o ń lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Tàràbà. Àsàláàmù aláékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Ṣé oòrùn ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di ẹran yíyan? Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí o máa kọ́ ní ìṣirò, ṣé wọ́n ti ń gbọ́ èdè rẹ, àbí ìwọ lo ti ń gbọ́ tiwọn? O kú ìfaradà o. Ọlọ́run yóò mú ọ parí rẹ̀ láyọ̀.

Bí o bá ń bèèrè wa, gbogbo wa wà, a dúpẹ́. O ní orí àpáta lo máa ń gùn kí fóònù rẹ tó lè wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mo fi lẹ́tà yìí sínú àpò gààrí tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Jọ̀wọ́, yọ ọ́ kí o tó da omi sí i.

Ilé dákẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ. Bí Ìyá wa ṣe lọ ní Oṣù Kẹjọ, tí ìwọ náà tún gbé ẹrù, ó di pé kí n máa se ìrẹsì tó pọ̀ jù, kí n máa bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi Ummulkulthum ti rí sí i pé ilé ò dákẹ́ mọ́. Fara balẹ̀ jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn.

O mọ ìdodo Ummu. O mọ bí Ìyá ṣe fi kọ́bọ̀ dè é láti kékeré, tó ní yóò wọlé, tí kò wọlé, títí kọ́bọ̀ fi sọnù. Ní ìparí oṣù tó kọjá, ìdodo náà le gbagidi ní iléèwé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ké, wọ́n sì pè mí. Nígbà tí a dé ọsibítù, Dókítà Ògúnrìndé rọra tẹ̀ ẹ́ padà. Ó ní ìfun ló ń gba ibẹ̀ yọ. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí ó gbà láti wọlé. Bó bá tún yọ lọ́jọ́ mìíràn tó kọ̀ láti wọlé, ewu ńlá ni. Ó dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí fún wa, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n dí ojú ihò náà pa.

Mo sọ ọ́ fún Ummu. Ó rò ó wò, ó ní kò sí wàhálà, òun ò fẹ́ ìdodo mọ́ rárá, kí wọ́n yọ ọ́ fún Yasir ẹ̀gbọ́n òun nítorí pé tirẹ̀ kéré. Yasir ní òun ò gba tòkúnbọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin yìí ti ń wọ pátá mẹ́ta léra wọn, tó sì ń fi híjáàbù di ikùn. Ó ní bí dókítà ò bá rí ìdodo náà, ó lè gbàgbé pé ó wà.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú. O rántí bí Ìyá ṣe ṣe lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí a gbé e lọ sí ọsibítù: tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ní ká forí ji òun, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ re Mẹ́kà tàbí bí àìsàn bá le sí wọn lára. Lójú tiwa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ummu ti ń ṣeré lọ́jọ́ náà. Kò ṣeré kankan. Ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àǹtí Àfúsá, àbúrò Ìyá, ti wá kí wa láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Bàbá Olúṣẹ́gun, ará òdìkejì wa, náà jókòó pẹ̀lú Sàlàhúdíìnì ọkọ mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ummu jáde sí wa. Ó fi dúkùù mi wé orí, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí Ìyá ṣe máa ń wúkọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ súnmọ́ mi. Mo ń re ọsibítù. Ẹni tí mo bá ṣẹ̀, kó forí jì mí.”

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ó ní òun lòun máa ń gbé adìẹ sínú bàtà ọ́fíìsì Dádì, nítorí pé bàtà náà tutù, adìẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Màríámù, ṣé o rántí òwúrọ̀ tí Sàlàhúdíìnì sáré wọ bàtà kí ọkọ̀ Èkó má baà fi í sílẹ̀, tó tẹ ẹyin fọ́ sínú rẹ̀, tó rò pé òógùn ni, tó sì wọ̀ ọ́ dé Ìkẹjà bẹ́ẹ̀? Ìwọ ló fẹ̀sùn kàn. Ọjọ́ méjì ni kò fi dá ọ lóhùn. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ń bẹ̀ ọ́ o.

Ó kàn Bàbá Olúṣẹ́gun. Ummu ní, “Bàbá, lọ́jọ́ tí àwọn oníná fẹ́ gé iná yín, tí ẹ gbé àkàbà wọn pamọ́ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, èmi ni mo fi han wọ́n.”

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ bàbá. “Ìwọ! Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi jókòó sínú òkùnkùn! Kí ni mo ṣe ẹ́?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n pè mí ní Àlàájà ni.”

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù lọ, àfi ìgbà tó yíjú sí mi. Ó ní gbogbo oògùn aràn tí mo ti ń fún òun mu láti Oṣù Kìíní, inú ìkòkò òdòdó ni òun ń tu ú sí, ìdí nìyẹn tí òdòdó náà ò fi ní aràn. Nígbà tó kan Àǹtí Àfúsá, ó ní, “Ẹ̀yin, mi ò ṣẹ̀ yín rárá. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí. Ẹ jẹ ẹran mi lọ́jọ́ Iléyá, ẹ ní ológbò ni.”

Àǹtí pariwo: “Èmi kẹ̀! Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí ní irú ọ̀rọ̀ báyìí?” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára. O mọ̀ pé kò rọrùn kí ọmọdé máa jẹ́wọ́ kí àgbà máa wòran. Ṣàdédé ni Àǹtí bú sẹ́kún, wọ́n ní àwọn làwọn gbé ìkòkò irin Ìyá lọ lọ́jọ́ fídáù. Pé kì í ṣe olè, àwọn kàn fẹ́ máa rí nǹkan tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ti kàn. Mo ní kò burú, Àǹtí mi, ẹ mú un. Wọ́n nu imú, wọ́n ní ìdí rẹ̀ ti ń jò, kí n tètè wá gbé e. Bàbá Olúṣẹ́gun náà wá jẹ́wọ́ pé ewúrẹ́ òun ló jẹ ẹ̀fọ́ mi lóṣù tó kọjá, ẹ̀fọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ bú ìyàwó lémọ́ọ̀mù. Ó di dandan kí èmi náà lọ bẹ ìyàwó lémọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn èyí ni Ummu pín ogún. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ di ti Yasir. Sálúbàtà rẹ̀ ọ̀tún di ti Aishat ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti òsì di ti adìẹ. Yasir na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, ó ní, “Bó bá wá padà dé ńkọ́? Ṣé kẹ̀kẹ́ ṣì jẹ́ tèmi?” Bàbá rẹ̀ wò ó títí tó fi tẹ orí ba.

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ummu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí a dákẹ́, ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, aṣọ funfun mi dà? Ti Ìyá Àgbà ti wà nínú àpótí kí wọ́n tó lọ.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wa. Mo dáhùn pé wọn kì í gbé aṣọ funfun lọ fún ìdodo, mo sì gbé e dìde pé kó wá jẹun. Àwàdà ni mo fi bo ọ̀rọ̀ náà, ojú sì tì mí nígbà tí mo ń bu oúnjẹ fún un.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí a mú un wá kó wá wo bí iṣẹ́ abẹ ṣe máa rí. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Christianah lorúkọ rẹ̀, ó sanra, ó lọ́yàyà. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé bèbí tirẹ̀ wá kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí ojú wọn lè mọ àwọn irinṣẹ́ náà kó tó kan àwọn fúnra wọn. Ummu ò gbé bèbí. Ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá bàbá rẹ̀. Ó ní bèbí òun ò ní àìsàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ẹnu kẹ́tùlù yìí bó ṣe yọ síta, ìdodo rẹ̀ ló yọ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì yìí ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ́tùlù sórí tábìlì, ó so páálí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kọ “Kẹ́tùlù Ummu, ọmọ ọdún méjì” sí i. Ó bi Ummu bóyá kí wọ́n gé ìdodo náà kúrò. Ummu ní rárá o, kí ni Dádì máa fi ṣe àlùwàlá? Wọ́n bá gbà pé báńdéèjì nìkan ni wọn yóò fi dì í. Wọ́n fi ìbòmú tí oògùn akunnilóorun máa ń gbà kọjá bo ẹnu kẹ́tùlù, Ummu ń pàṣẹ fún un: “Mí sínú. Mí síta. Má sunkún.” Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń ronú ohun tí màá sè lálẹ́.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Mùs'áb, tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun fún, wá súnmọ́ kẹ́tùlù, ó gbé etí lé e. Ó ní, “Kò mí o.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ti sùn ni. Bí ẹ̀yin náà ṣe máa sùn lọ́la nìyẹn.”

Ummu wo kẹ́tùlù. Ó wò mí. Kí n tó dìde, ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ké tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà ní géètì gbọ́: “Mi ò sùn! Mi ò sùn o! Ìyá Àgbà náà sùn! Láti Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ń sùn!”

Màríámù, àwa la sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí a dé láti ọsibítù, tó ní Ìyá Àgbà dà, èmi ni mo ní wọ́n ń sùn, ìwọ náà sì mi orí. Kò sí ẹni tó padà lọ tún un sọ.

Mo ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì. Kò bú mi. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Mọ́mì Ummu, àwa àgbà ló ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn, la fi ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ oorun. Ọmọ ò wá mọ èwo ló ń jí nínú méjèèjì.” Ó ní òun lè pe ọkùnrin méjì kí wọ́n fi agbára gbé e wọlé lọ́la, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣe é, nítorí ẹ̀rù tí ọmọ bá gbé wọ oorun ló máa ń gbé jí. Bí Ummu ò bá gbà fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ tiwa tó tún kàn. Mo ronú kan ìdodo yẹn àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo dojúbolẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọsibítù pẹ̀lú aṣọ tí mo fi jáde, mo yọ orí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Ummu, Ìyá Àgbà ò sùn. Ìyá Àgbà kú.”

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sọ pé wọ́n lọ, wọ́n sinmi, Ọlọ́run pè wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu mi máa sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn, àárín eruku sì ni mo wà.

Ó dákẹ́ ẹkún. “Wọ́n kú pátápátá?”

“Pátápátá.”

“Tó bá di Iléyá, wọn ò ní jí?”

“Wọn ò ní jí.”

“Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ní wọ́n ń sùn?”

“Mo mọ̀.”

“Irọ́ nìyẹn, Mọ́mì.”

Mo ní irọ́ ni. Ó ní gbogbo ayé ló tọrọ àforíjì lánàá, èmi nìkan ni mi ò tọrọ. Mo bẹ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú. Ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Mo forí jì yín. Ẹ ra súyà.”

Ó ku ìbéèrè kan: báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé oorun ni tòun? Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó sùn ń mí, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, bí oògùn bá sì tán yóò jí. Ẹni tó kú kò mí mọ́. Kẹ́tùlù ò mí nítorí pé kẹ́tùlù ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ummu pé kò yẹ kí òun pe ti kẹ́tùlù ní oorun. Ummu jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, tó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tó sì ń sùn lórí àga tó la ẹnu sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà. Àyà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó wá fún un ní imú pa láti mọ̀ bóyá yóò jí. Sàlàhúdíìnì fò dìde: “Ìkẹjà, ó wà! Ó wà o!” Ọkùnrin náà ti gbé àpò dání kó tó rí i pé ọsibítù ni òun wà.

Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dán ìyá arúgbó kan wò, ó dán bàbá Mùs'áb wò, ó dán ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò. Ẹ̀ṣọ́ náà búra pé òun ò sùn, òun ń ronú ni. Gbogbo wọn ló jí. Ummu padà wá, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí dókítà máa wo àyà òun títí. Dókítà Ògúnrìndé, tó ga bí ọ̀pá iná, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun gbà, ó sì tọrọ àforíjì ṣáájú nítorí abẹ́rẹ́. Ummu ní òun máa rò ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, kẹ́tùlù lọ́wọ́. Wọ́n jẹ́ kí n bá a wọlé títí oògùn fi mú un. Ojú rẹ̀ ń pa dé, ó ṣì ń bi mí pé, “Ṣé ó ń lọ sókè?” Mo gbé ọwọ́ lé e láyà, mo ní ó ń lọ sókè. Ó sùn.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Lórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìwọ jókòó sí lọ́jọ́ Ìyá, tí ẹnì kan jáde wá tí kò fẹ́ wo ojú wa. Lọ́tẹ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì Christianah ló yọjú. Ojú mi ló wò tààrà. Ó ní, “Wọ́n ti parí. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.” Màríámù, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo gbá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́ra. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí.

Nígbà tí Ummu la ojú, ó wo òkè àjà, ó wò mí, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ó ní, “Mo jí.” Ó sì ní kí wọ́n pe Yasir kó wá dá kẹ̀kẹ́ òun padà. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà ò tíì yanjú títí di òní. Yasir ní ogún kì í padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in. Sàlàhúdíìnì ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá lémọ́ọ̀mù, èmi sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n bẹ ìyàwó rẹ̀ tán.

Ojú egbò náà ń jinná dáadáa. Ìdodo rẹ̀ ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ báyìí, ẹni tó bá wá kí wa ló ń ká aṣọ sókè fún. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pààrọ̀ báńdéèjì fún un, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìbéèrè rẹ̀ máa ń dé. Ṣé ó ń dun Ìyá Àgbà níbẹ̀? Ta ló ń gé èékánná wọn? Kí ló dé tí dókítà ò lè tún tiwọn náà ṣe? Lánàá, ó ní ṣé Ìyá Àgbà mọ̀ pé òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Ẹ ò mọ nǹkan púpọ̀ o, Mọ́mì.” Mo ní òótọ́ ni. A jọ jókòó, a sọ̀rọ̀ Ìyá, bí wọ́n ṣe máa ń jẹ obì tí wọ́n á ní àwọn ò jẹ ẹ́, a sì rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí wá.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé àti ọ̀gá iléèwé yín. Àǹtí Àfúsá kí ọ, wọ́n ní kí o má fi orí òfìfo rìn nínú oòrùn. Sàlàhúdíìnì kí ọ pẹ̀lú ìtìjú. Yasir ní kí o dá sí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ìwọ náà, bí o bá gun àpáta rẹ lọ́jọ́ kan tí fóònù wọlé, pe Ummu. Yóò bi ọ́ nípa Ìyá. Má ṣe sọ fún un pé wọ́n ń sùn.

Ní tèmi, mo ti ṣèlérí fún un: lójoojúmọ́ tó bá bi mí nípa Ìyá, màá máa dá a lóhùn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Sìlífátù.